Bí ẹ ṣe lè fi bébà bo ojú ènìyàn nínú fọ́tò láìpa ẹni náà rẹ́

Ọ̀nà méjì ni fọ́tò tí a fẹ́ fi bo ojú ènìyàn máa ń gbà bàjẹ́. Èkíní, wọ́n á fa ìlà dúdú gbọọrọ sójú onítọ̀hún, tàbí kí wọ́n fi fóònù sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ á wá di afurasí ọ̀daràn. Èkejì, ojú bò lóòótọ́, ṣùgbọ́n pátákó ìtajà rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn, òrùka ń bẹ lọ́wọ́, gbogbo Kétu sì ti mọ̀ ọ́n kí fọ́tò tó délé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi wò máa ń rò pé iṣẹ́ bébà ni kò tíì dá wọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì pinnu irú bíbò tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó mú abẹ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

Irú méjì ló wà, ẹni tó bá dàgbà ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì ti mọ̀ wọ́n láti kékeré. Ẹni tó wà lábẹ́ Eégún, a kì í wádìí rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ará ọ̀run ló wà níwájú wa, ó parí. Ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Àdúgbò mọ̀ ọ́n. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ pé a mọ̀ ọ́n, wọ́n tilẹ̀ lè máa yin ẹsẹ̀ ijó rẹ̀ létí agbo. Ṣùgbọ́n orí igi tó gbé léríi, àti ohun tí agbẹ́gilére gbẹ́ sórí igi yẹn, ni gbogbo ojú ń wò.

Èmi máa ń pe ti àkọ́kọ́ ní bíbò àṣírí: kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Mo máa ń pe ìkejì ní bíbò àfihàn: kí ará ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí àlejò má mọ̀ ọ́n, kí tonílé tàlejò sì rí irú ènìyàn tó jẹ́. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ló ń fara gbá ìyà. Ní gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀, màá sọ ibi tí ọ̀nà ti yà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí a máa ṣe nìyí: fọ́tò ìyá aránṣọ kan tí kò fẹ́ kí ojú òun hàn. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a ó fi bébà ṣe ojú tó yọ síta, a ó gbé nǹkan lé orí ojú náà, a ó wá tún gbogbo rẹ̀ yà ní fọ́tò.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa. Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tó wọ́n.
- Ápù tí ẹ lè fi tún fọ́tò ṣe. Snapseed kò gba owó, ó sì tó.
- Bébà líle A4 bíi mẹ́fà, 160 sí 200 gíráàmù, àti bébà fótókópì lásán, 80 gíráàmù, fún ìdánrawò.
- Páálí ńlá tí wọ́n fi kó ọjà wá, èyí tí kò tíì fi omi kan.
- Réésà tuntun tàbí ọ̀bẹ bébà, sísọ́ọ̀sì kékeré, àti rúlà irin. Rúlà oníke kò dára níbí, abẹ máa ń jẹ ẹ́, gbogbo ìlà yín á sì wọ́.
- Bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán. Ẹ má jù ú nù, ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn.
- Sítáàṣì gbágùúdá, kànáfùrù díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré.
- Fíláṣì tí a fi ń gbé fáìlì, aṣọ funfun kan, àti tọ́ọ̀ṣì tàbí gílóòbù kan tó ṣeé gbé kiri.

Gọ́ọ̀mù funfun inú ike náà ń lẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá ti mú, ó ti mú. Sítáàṣì máa ń fún yín láyè láti sún bébà sọ́tùn-ún sósì, bí nǹkan bá sì wọ́, omi díẹ̀ á tú u. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò àyè yẹn.

1. Ẹ bá ẹni tí ẹ fẹ́ yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sókè

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ máà fò ó. Ìbéèrè kan ni ẹ máa bi í, ẹ sì máa gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dópin:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Mo fẹ́ yà yín ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ojú yín kò ní hàn. Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn fi mọ̀ yín?"

"Ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí òrùka yìí hàn o. Ọkọ mi ló rọ ọ́, irú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì."

Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ yẹn ti yan iṣẹ́ fún yín. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí aránṣọ, kò fẹ́ kí wọ́n mọ ìyá ta ni òun. Bíbò àfihàn nìyẹn. Ká ní ó sọ pé, "Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé mo jókòó fún ọ," àṣírí ni, òrùka nìkan kọ́ ló máa lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ náà lè ní láti lọ bí òun nìkan bá ni irú rẹ̀ ládùúgbò.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: ohun tó máa hàn, ohun tó máa bò, ohun tí a máa gbé kúrò pátápátá. Àwọn ohun tó máa ń tú ènìyàn fó láìjẹ́ pé a fura nìwọ̀nyí: ilà ojú, pàápàá èyí tí ìdílé kan ń kọ; àpá ọwọ́; aṣọ ẹbí, nítorí aṣọ ẹbí máa ń sọ ìdílé, ó sì máa ń sọ ọjọ́ ìnáwó; nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ onízémíjàn, ìyẹn ọlọ́kadà; àkọlé ara ògiri; kàlẹ́ńdà tí fọ́tò olóyè tàbí pásítọ̀ wà lórí rẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tó dára gan-an tí kàlẹ́ńdà bà jẹ́.

Òfin ń bẹ pẹ̀lú. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní code du numérique ní ilẹ̀ Benin, dáàbò bo ìsọfúnni tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀, ojú sì wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé kékeré kan, ní Yorùbá tàbí ní Faransé, èyí tó bá lè kà. Bí kò bá lè kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ má mú aṣọ Eégún, ẹ má sì yá orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ẹnikẹ́ni láti fi ya fọ́tò láìbá àwọn tó ni ín sọ̀rọ̀. UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún aráyé ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ti ẹni tó bá ní fóònù. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ la fẹ́ kọ́ níbí. A kò ní ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a kò sì ní fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ wa.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yanjú: ẹ ní kí ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa hàn àti ohun tí kò ní hàn. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ, ẹ padà jókòó.

2. Yíyà

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára jù, tí oòrùn kò dé, tí ojúmọ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Ẹ yà á kí aago 9 àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fi òjìji sí ihò ojú méjèèjì, a kò sì ní rí ohun tí a máa gé.

Ẹ jìnnà sí i tó mítà 1.5 sí 2, kí ẹ wá fi fóònù fà á súnmọ́ ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, tó wá gbé fóònù sí i nímú, imú ló máa yà: imú á wú, etí á sá sẹ́yìn, ìwọ̀n tí ẹ máa fi gé bébà á ti dàrú. Kí fóònù dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má gun àpótí.

Ẹ ta aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀, kó jìnnà sí i tó mítà kan kí òjìji má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé Leonce Raphael Agbodjelou, ayafọ́tò ti Àjàṣẹ́, máa ń gbé aṣọ alárà sẹ́yìn ẹni tó wọ aṣọ alárà, ó sì dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n òun kò ní ká bébà lé e lórí. Bí àrà bá ti pọ̀ lẹ́yìn, ojú bébà wa kò ní yọ.

Fọ́tò mẹ́ta lẹ máa yà láìsún fóònù kúrò níbi tó wà: ìyá náà kọjú síwájú, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ; ọwọ́ rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn tó ti bọ́ òrùka; àga òfìfo lẹ́yìn tó ti dìde. Àga òfìfo yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í yà. Òun la máa fi dí àlàfo nígbà tí a bá yọ ojú kúrò. Kí ẹ tó yà, ẹ lọ sínú ètò kámẹ́rà fóònù kí ẹ pa ibi tó ń kọ àdírẹ́sì mọ́ fọ́tò. Bí ẹ kò bá pa á, fọ́tò á máa gbé ilé ìyá náà kiri nínú ikùn rẹ̀.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yanjú: ẹ fẹ fọ́tò náà lójú fóònù títí ìpéǹpéjú fi hàn. Bí ẹ bá lè ka irun rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ tó. Bó bá rí wúruwùru, ẹ tún un yà nígbà tí ìyá ṣì wà níjòókòó.

3. Títún fọ́tò ṣe

Ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun, kí ẹ wá jẹ́ kí dúdú dúdú sí i, kí funfun funfun sí i. Kì í ṣe torí ẹwà. Bí àwọ̀ bá pọ̀ lórí bébà tí a ká, ojú ènìyàn kò ní mọ èyí tó jẹ́ òjìji tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a tẹ̀ sórí rẹ̀.

Níbí ni ọ̀nà ti yà.

Fún bíbò àṣírí: ẹ yọ ojú kúrò tán. Ẹ gbé fọ́tò àga òfìfo sábẹ́, kí ẹ gé ojú kúrò nínú ti òkè, kí ògiri ẹ̀yìn yọ síta níbẹ̀. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì dúdú inú fóònù, torí òmíràn wà tí inú rẹ̀ ṣì ń hàn fírífírí: ẹni tó bá tan ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà sókè á rí ohun tó wà lábẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bàìbàì náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ṣì mọ orí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì lè gbìyànjú láti méfò ohun tó wà lábẹ́.

Fún bíbò àfihàn: ẹ má yọ ojú, ẹ yí i padà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù rọrùn. Ẹ pín ojú sí méjì láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ mú apá òsì nìkan, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yí ẹ̀dà náà kó kọjú sí òdìkejì, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà ẹni tó máa jáde níbẹ̀ á jẹ́ àlejò tó jọ ìyá náà. Ẹ ṣe apá ọ̀tún pẹ̀lú, àlejò mìíràn á tún jáde. Ẹ gbé méjèèjì fún ìyá náà kó yan èyí tó wù ú. Àwọn kan máa ń bú sẹ́rìn-ín níbí. Bí ilà bá wà lójú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, torí ìlọ́po yìí lè sọ ilà ẹ̀gbẹ́ kan di méjì, kó sì pe ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìwọ̀n tó yẹ fún A4 ni píksẹ́lì 2480 sí 3508, fún A3, 3508 sí 4961. Bí fọ́tò yín bá kéré sí èyí, ẹ má fẹ̀ ẹ́ tipátipá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kékeré.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yanjú: ẹ fi fáìlì tuntun náà pamọ́, ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì, kí ẹ tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Bí ohun tí ẹ yọ kò bá padà wá, ó ti lọ.

4. Títẹ̀ sórí bébà

Ẹ béèrè nílé ìtẹ̀wé bóyá ẹ̀rọ oníyẹ̀fun (laser) ni wọ́n ní tàbí oníyíǹkì olómi (inkjet). Oníyẹ̀fun ni kí ẹ lò. Yíǹkì olómi á ṣàn nígbà tí sítáàṣì bá kàn án. Bí ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé kò bá mọ èyí tí òun ní, ẹ fi itọ́ tọ́ ìka, kí ẹ fi pa igun bébà tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀: èyí tó bá rá, ẹ gbà á lọ síbòmíì.

Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sórí bébà líle: ọ̀kan fún ìpìlẹ̀, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún imú àti ìpéǹpéjú, ìkẹrin fún àṣìṣe. Bí owó bá wà, kí ìpìlẹ̀ jẹ́ A3, kí ara àti ọwọ́ ìyá lè fẹjú.

Ẹ ṣọ́ra níbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ yan àṣírí: kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé ni ibi tí àṣírí ti ń jò jù. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn. Yàtọ̀ sí pé ó máa ń fún fọ́tò pọ̀ tí yóò fi dínkù, fọ́tò náà á wà lórí fóònù ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Ẹ gbé e lọ lórí fíláṣì, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ ti tún ṣe nìkan, kì í ṣe ojúlówó. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí fíláṣì. Bí wọ́n bá ti kó o sórí kọ̀ǹpútà, ẹ dúró kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín, kí wọ́n sì da àpò ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà nù. Wọ́n lè máa wò yín bí aláṣejù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.

5. Sítáàṣì

Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì sítáàṣì gbágùúdá mọ́ omi tútù díẹ̀ títí kò fi ní kókó. Ẹ da omi híhó sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, tí funfun rẹ̀ á sì yí sí èyí tí ojú ń là kọjá. Ẹ sọ kànáfùrù bíi mẹ́rin sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, kí kòkòrò má baà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó lò ó. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, tó ti ń rùn, ẹ dà á nù.

Ẹ fi pa bébà lásán méjì pọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá yà wọ́n. Bí bébà fúnra rẹ̀ bá ya kí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ tó ṣí, sítáàṣì yín dára.

6. Ẹ mọ ibi tí bébà kọjú sí kí ẹ tó ká a

Bébà ní ọ̀nà tí okùn inú rẹ̀ tò sí. Bí ẹ bá ká a tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, ìṣẹ́po á mọ́lẹ̀ kedere. Bí ẹ bá dábùú rẹ̀, á sán, yẹ̀fun dúdú á sì bó láti ojú ìṣẹ́po, ìlà funfun á gba ojú ìyá kọjá. Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń kú, àwọn ènìyàn á sì máa dá bébà lẹ́bi.

Ẹ gé igun kékeré lára bébà kan náà, onígun mẹ́rin, kí ẹ sàmì sí ibi tó jẹ́ òkè rẹ̀. Ẹ fi omi pa ojú kan. Yóò ká ara rẹ̀ láti di ọ̀pá. Ibi tí ọ̀pá náà nà sí, ibẹ̀ ni okùn tò sí. Ìṣẹ́po tó gùn jù nínú iṣẹ́ wa ni ìlà imú, láti iwájú orí wá sí ètè. Nítorí náà kí okùn tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Bó bá dábùú, ẹ padà lọ tẹ ẹ̀dà mìíràn sórí bébà tí okùn rẹ̀ tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ń bí èèyàn nínú, mo mọ̀.

Ibikíbi tí ẹ bá máa ká, ẹ kọ́kọ́ fi bírò tí kò ní yíǹkì fa ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, lójú ẹ̀yìn bébà, ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: kó wọnú, kó má là á. Nígbà ọyẹ́, bébà máa ń gbẹ gan-gan-gan, á fẹ́ sán. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún dáadáa ra ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó fà á. Nígbà òjò, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

7. Ojú

Ẹ mú ẹ̀dà kejì. Ká ní ojú tó wà lórí rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18. Ẹ gé e yíká, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ létí rẹ̀ fún lílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú wú síta. Ẹ gé e wọlé lẹ́ẹ̀mejì níwájú orí, lẹ́ẹ̀mejì ní àgbọ̀n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ fi ẹnu ibi tí ẹ gé lé ara wọn bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́. Bí ìyá aránṣọ bá wà nítòsí, ẹ fi han án. Òun ló ń ṣe é lójoojúmọ́ sí àyà bùbá, yóò sì sọ ibi tí ó ti wọ́ fún yín kíákíá ju èmi lọ.

Imú: láti ara ẹ̀dà kẹta, ẹ gé onígun mẹ́ta kan, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7, ìsàlẹ̀ rẹ̀ 5, pẹ̀lú etí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fa àárín rẹ̀, ẹ ká a, ẹ ká etí sínú, ẹ lẹ̀ ẹ́ sórí ìlà imú ojú ńlá. Ẹ má lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òjìji tó bá wọ abẹ́ imú ló máa sọ ọ́ di imú.

Ìpéǹpéjú ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ èyíkéyìí tí ẹ bá láǹfààní láti rí: ojú máa ń tutù, ìpéǹpéjú á wá sílẹ̀ díẹ̀, kò sí ìbínú, kò sí ẹ̀rín. Ẹni tó ń wò ó á fi ojú náà sílẹ̀ lọ wo ohun tó wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni kí tiwa rí. Ẹ gé ìlà òkè ojú nìkan bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí ẹ gbé e sókè pẹ̀lú ẹ̀yìn abẹ, kí ẹ lẹ ẹ̀ka bébà tín-ínrín kan sábẹ́ rẹ̀ kó má baà padà. Ẹ má gé ojú yí po. Bí ẹ bá lu ihò sí i, ohun tí ẹ ṣe di ìbòjú ọdún Kérésì tí ọmọdé ń rà. Fún bíbò àṣírí, ẹ má tilẹ̀ fi ojú kankan sí i, ẹ lo bébà tí a kò tẹ nǹkan sí, kí imú àti ìpéǹpéjú dá ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí, ohun orí. Kí ni a gbé lé e? Fún ìyá yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ẹ gé àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára páálí ní méjì, kí ẹ fi ẹ̀ka páálí sẹ̀ǹtímítà 2 ya wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tó ká síta lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí. Kó má ga ju ìdajì ojú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fa gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀. Òwú tòótọ́ kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó gba abẹ́rẹ́ bébà kọjá wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sàn ju kíkun ọ̀dà lọ. Ohun tí èèyàn ti lò máa ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1962, kò wá igi olówó ńlá: kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tí wọ́n ti lò gbó ló fi ń ṣe ojú, ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu, ẹni tó bá sì mọ ojú títì wa mọ ìgbésí ayé tí kẹ́ẹ̀gì yẹn ti gbé. Ẹ má gbé ohun tó lẹ́wà lásán lé ìyá lórí. Òdòdó kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ rún bébà àtijọ́ sínú ihò ẹ̀yìn ojú náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ilé. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbẹ á fa èkejì, ojú á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yanjú: ẹ gbé e ró, kí ẹ rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Bí ojú yín bá kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀rọ ìránṣọ kó tó wá sí ojú bébà, ó ti dára. Bó bá jẹ́ imú lẹ kọ́kọ́ rí, imú ga jù, ẹ dín in kù.

8. Kíkó o pọ̀ àti yíyà kejì

Ẹ lẹ fọ́tò ìpìlẹ̀ mọ́ páálí kó má baà tẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ka páálí kéékèèké gbé ojú bébà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ibi tí ojú ìyá wà tẹ́lẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ibi mẹ́ta péré, kó lè mí.

Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa iná òkè. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní òkè díẹ̀, bíi mítà kan sí i, kí ẹ wá gbé bébà funfun kan sí òdìkejì kí apá òkùnkùn má baà dúdú jù. Ẹ má tan iná fóònù láti iwájú: gbogbo òjìji tí ẹ fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ á parẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìka tẹ ṣóńṣó imú lójú fóònù kó lè mọ ibi tó máa dájú sí. Ẹ máa sún tọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa yà. Ìgbà kan máa wà tí òjìji ẹ̀rọ ìránṣọ á bọ́ sórí ìpéǹpéjú. Ẹ dúró síbẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn, ẹ má fò ó. Ẹ fi han ẹnì kan nínú ilé rẹ̀, aládùúgbò kan, àti àlejò kan. Ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" torí ìbéèrè yẹn ti sọ fún wọn pé ẹni mímọ̀ ni. Ẹ béèrè pé, "Irú èèyàn wo lẹ rí?" Fún àfihàn, ó yẹ kí àlejò sọ pé aránṣọ ni, kí ará ilé rẹ́rìn-ín. Fún àṣírí, bí aládùúgbò bá dárúkọ, ẹ padà sí ìpele kìíní kí ẹ wá ohun tó tú u fó. Bí fóònù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣa ojú ẹnì kan jọ sójú kan, ẹ wò ó pẹ̀lú: bó bá fi iṣẹ́ yìí sáàárín àwọn fọ́tò ìyá náà, ojú náà ṣì ṣeé dá mọ̀.

Ìyá ni kó kọ́kọ́ gba ẹ̀dà, kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni lórí ayélujára. Iṣẹ́ bébà fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sínú páálí tó ní ìdérí, lórí pẹpẹ, kó jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri, torí ikán. Àwọn fọ́tò àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ hàn nínú rẹ̀, bí àdéhùn yín bá jẹ́ pé kó parẹ́, ẹ mọ̀ pé pípa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò tó: fọ́tò tó bá ti gun orí Google Photos máa ń wà nínú àpò ìdọ̀tí rẹ̀ fún ọjọ́ 60 kó tó lọ fúnra rẹ̀. Ẹ wọ inú àpò náà lójú ìyá, kí ẹ tún un pa rẹ́ níbẹ̀.